Òkúta Máìlì Kẹjọ

Ẹ má jókòó sórí òkúta yẹn,
tàbí kẹ́ ẹ jókòó, kò burú,
àwa náà ti fi pọ́n àdá títí ojú rẹ̀ fi jẹ.
Ẹ fọwọ́ pa á lápá òsì, ọwọ́ yín á ba nọ́ńbà kan:
mẹ́jọ ni. Tàbí mẹ́ta. Òjò ti jẹ ìdajì.

Bàbá bàbá mi ló gbé e wálé.
Ọ̀ṣúndínà lorúkọ rẹ̀.
Ẹ gbọ́ ohun tí orúkọ ń wí, kẹ́ ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́:
ẹni tí Ọ̀ṣun fi dínà
ni wọ́n ní kó wá lanà mọ́tò láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà.
Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹnu fi ro wọ́n.

Ọkọ̀ ojú irin ti dé nígbà náà,
ó ń han láàárọ̀, ó ń han lálẹ́,
ṣùgbọ́n irin kò yà sí Iléṣà.
Ohun tí irin kò bá gbé, orí ọmọ ènìyàn ni í rù ú.
Mosúnmọ́lá, ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn tó ń rù ú:
iyọ̀ lọ, ẹ̀kùrọ́ bọ̀,
òṣùká fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara irun.
“Ọ̀nà ẹsẹ̀ mọ̀ mí,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí,
“ó mọ ibi tí mo ti ń sọ ẹrù, ó mọ ibi tí mo ti ń mí kanlẹ̀.”

Òyìnbó kan fi okùn wọn igbó bí ẹni ń wọn aṣọ,
ó kan èèkàn, ó lọ.
Èèkàn ọ̀hún la oko Ògúnṣíjì sí méjì;
kò sẹ́ni tó bi iṣu léèrè.
Píkáàsì, ṣọ́bìrì, agbọ̀n yangí lórí,
sísì lójúmọ́, bí fóòmàn bá rántí.
Ní máìlì kẹjọ, àpáta yí lu Bùsárì.
Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fọ́ àpáta náà wẹ́wẹ́,
wọ́n tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà.
Bàbá kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.
Bó bá ti dé ibẹ̀, á ní kí wọ́n bu omi wá.

Ọjọ́ tí mọ́tò àkọ́kọ́ fẹ́ kọjá,
àwọn ọmọdé ti gungi láti ìdájí.
Eruku ló kọ́kọ́ yọ,
lẹ́yìn náà ariwo,
lẹ́yìn náà ohun tó ń pariwo ọ̀hún fúnra rẹ̀,
ó sì dákú síwájú gbogbo èrò,
èéfín ń tú nímú rẹ̀.
Dírẹ́bà bọ́ fìlà: “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lómi?”
Mosúnmọ́lá sọ akèrègbè rẹ̀ kalẹ̀.
Mọ́tò mu ún, gbuu, gbuu, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù.
“Áà,” ni ìyá wí, “òùngbẹ lásán ló ń han báyìí!”
Ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bà á mọ́.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà
tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ pé kó wá rẹrù.
Omi tó fún un ló fi rìn dé ẹnu oúnjẹ rẹ̀.
Títí tó fi kú, kò wọ mọ́tò.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń tọ̀,
bí ọ̀kan bá kọjá, á kí i: ẹ kú ìrìn.

Ìgbà tí ìjọba tún ọ̀nà tẹ́, wọ́n nà án gbọọrọ,
máìlì kẹjọ ṣẹ́ kù sínú ìgbẹ́.
Bàbá ti darúgbó. Ó yá ọmọlanke,
ó wú òkúta náà, ó tì í dé ojúde wa yìí.
A ní kí ló fẹ́ fi ṣe.
Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Mo ti pọ́n àdá lórí rẹ̀ bí ogún ọdún
kí n tó ronú kan ẹni tó ń wí.

Ẹ jókòó, ẹ jókòó.
Kí wọ́n bu omi wá.